Èdè Tí Wọ́n Fi Gbàdúrà ní Ààfin Windsor

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó lọ fi omi bọ́jú, torí ìtàn alẹ́ yìí gùn, ibi tó ń yà sí kó tó délé sì pọ̀. Ohun ìyanu ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ti ìjàpá, kì í ṣe ti iwin inú igbó. Ó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn ènìyàn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, òkúta tí wọ́n fi kọ́lé náà ṣì dúró títí di òní.

Ìlú Ọba ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn London, níbi tí odò Thames ti gba ẹsẹ̀ òkè kan kọjá, ni ìlú Windsor wà. Ọba William tó ti Normandy wá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ló kọ́kọ́ mọ odi sórí òkè náà. Igi ló fi ṣe tirẹ̀. Òkúta ni àwọn tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ fi rọ́pò. Ó ti lé ní 900 ọdún báyìí tí àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Inú ọgbà ààfin yìí ni ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ṣọ́ọ̀ṣì George Mímọ́. Níbòmíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíṣọ́ọ̀bù ló ń pàṣẹ lórí ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba ló ni ín, kò sí bíṣọ́ọ̀bù kankan láàárín òun àti àwọn àlùfáà ibẹ̀. Ohun tí ọba bá gbà gbọ́ lónìí ni wọ́n máa fi ṣe ìsìn níbẹ̀ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ ṣe yí padà ní ilẹ̀ yẹn kò fi ní rìn jìnnà. Kó kàn jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo yìí, kó sì máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde.

Ọba Edward Kẹta ló dá ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1348. Inú ààfin náà gan-an ni wọ́n bí i sí. Ọdún yẹn kan náà ni àjàkálẹ̀ àrùn ńlá wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òkú ń sùn láìsí ẹni tó máa sin ín. Iṣẹ́ àwọn àlùfáà náà ni kí wọ́n máa gbàdúrà lójoojúmọ́ fún ọba àti fún ọkàn àwọn tó ti kú. Ó tún yan akọni 26 mọ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Garter, òun àti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Àsíá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ṣì ń rọ̀ lókè ìjókòó wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí di ìsinsìnyí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n kó síbẹ̀. Igi kan wà tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ara àgbélébùú Jésù gan-an. Àwọn ọmọ aládé ilẹ̀ Wales ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ọba Edward Kìíní ṣẹ́gun wọn ní 1283, ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá fi fún Windsor. Ní 1416, Sigismund, ọba ilẹ̀ Jámánì, wá kí ọba Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó gbé lọ́wọ́ wá ni ọkàn George Mímọ́, ọkàn inú àyà gan-an ni mo wí. Wọ́n tún lọ hú egungun àlùfáà kan wá láti abúlé North Marston, John Schorn, ẹni tí àwọn ènìyàn gbà pé ó fi èṣù sínú bàtà rẹ̀, tó tì í mọ́ ibẹ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn ló ń wá ìwòsàn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ti Ọba Henry Kẹfà ló ya èmi lẹ́nu jù. Ọba pẹ̀lẹ́ ni, àdúrà ló mọ̀, kò mọ ogun. Edward Kẹrin gba adé lórí rẹ̀, ó tì í mọ́lé ní Tower of London, ó sì kú síbẹ̀ ní 1471. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbà pé ikú Ọlọ́run ló pa á. Wọ́n sin ín sí ibòmíràn, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi bí àwọn mẹ̀kúnnù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké pè é nínú ìṣòro, tí ó sì ń dá wọn lóhùn. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan gbé báàjì mì, irú èyí tí àwọn tó lọ gbàdúrà níbi ibojì Thomas Mímọ́ ní Canterbury máa ń rà bọ̀ wálé. Báàjì náà há a lọ́fun, ọmọ kò lè mí mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ ké pe Ọba Henry. Báàjì náà já jáde, ọmọ ké. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn gbé báàjì yẹn wá sí Windsor, wọ́n fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì rẹ̀.

Windsor kẹ̀, ṣé ibòmíràn ni mo ní wọ́n sin ín sí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1484 ni wọ́n hú u, tí wọ́n gbé e wá síbẹ̀. Ta ni ó wá bá nínú ilẹ̀? Edward Kẹrin! Edward yìí ló bẹ̀rẹ̀ ilé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ báyìí ní 1475. Ó kú ní 1483, wọ́n sì sin ín sí ọwọ́ àríwá pẹpẹ. Wọ́n tẹ́ Henry sí ọwọ́ gúúsù. Ẹni tó gba adé àti ẹni tí wọ́n gba adé rẹ̀ dojú kọ ara wọn láti ìgbà náà títí di òní. Ẹgbẹ́ ẹni tí wọ́n gba adé rẹ̀ ni èrò ń rọ́ lọ. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ kan, John Tresilian, ló rọ àpótí irin ńlá kan síbẹ̀ tí wọ́n ń ju owó ọrẹ sí. Ẹ lè rí àpótí náà lónìí bí ẹ bá débẹ̀.

Mo rí i pé ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín nínú yín nítorí bàtà èṣù. Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọmọ ń kú lọ mọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ẹni tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ní ni wọ́n fi ń wá Ọlọ́run. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò ní. Wọn kò gbọ́ ohun tí àlùfáà ń sọ. Látìn ni gbogbo ìsìn, orin, àdúrà àti Bíbélì. Aránṣọ, alágbẹ̀dẹ, ìyá ọlọ́mọ, gbogbo wọn kúnlẹ̀ wọ́n dìde, wọ́n ń wo pẹpẹ, ọ̀rọ̀ sì ń gba orí wọn kọjá.

Ibi tí ìtàn wa ti gbóná nìyí. Ọba Henry Kẹjọ bá Póòpù jà nítorí ó fẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, kó fẹ́ òmíràn tó máa bí ọmọkùnrin fún un. Ní 1534, òfin sọ òun fúnra rẹ̀ di olórí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára ìsìn àtijọ́. Ó gbà kí wọ́n gbé Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì sínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1539 ó tún ṣe òfin pé ẹni tó bá sọ pé búrẹ́dì orí pẹpẹ kì í ṣe ara Kristi, iná ni wọn yóò fi sun ún. Nígbà tó di 1543, òfin mìíràn jáde tó ka Bíbélì kíkà léèwọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn mẹ̀kúnnù. Ọwọ́ ọ̀tún fún wọn, ọwọ́ òsì gbà á padà.

Ọkùnrin kan ń tẹ dùùrù ní Ṣọ́ọ̀ṣì George Mímọ́ lásìkò náà, John Merbecke. Nígbà tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì jáde, ó wù ú kó ní tirẹ̀, kò rówó rà á. Ó lọ yá ti ẹlòmíràn, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ lọ́wọ́. Jẹ́nẹ́sísì, Ẹ́kísódù, ó ń kọ ọ́ lọ títí ó fi dé ìwé Jóṣúà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a lẹ́nu rẹ̀, ó ní iṣẹ́ kan wà tó ju èyí lọ. Kó ṣe ìwé tí yóò to gbogbo ọ̀rọ̀ inú Bíbélì lẹ́sẹẹsẹ láti A dé Z, tí yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹni tó ń wá ẹsẹ kan lè tètè rí i. Irú rẹ̀ wà ní Látìn, kò tíì sí odindi irú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Atẹdùùrù yìí gbà á ṣe. Ó ti dé lẹ́tà L nígbà tí wọ́n wá tú ilé rẹ̀ ní 1543.

Ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà Windsor ló fa ọ̀ràn náà, Dókítà John London. Ó kọ orúkọ jọ, wọ́n sì mú ènìyàn mẹ́rin. Merbecke ni ọ̀kan. Robert Testwood, akọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà, ni èkejì. Inú ló bí i bó ṣe ń rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fẹnu ko ère Màríà lẹ́yìn pẹpẹ, ló bá fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ gbá imú ère náà dànù. Ẹ̀kẹta ni Henry Filmer, aránṣọ ìlú Windsor. Ẹ̀kẹrin ni Anthony Pearson, àlùfáà tó ń wàásù káàkiri agbègbè náà.

Wọ́n gbé Merbecke dé iwájú Stephen Gardiner, bíṣọ́ọ̀bù Winchester, ọ̀kan nínú àwọn alágbára ìlú. Bíṣọ́ọ̀bù wo ìwé tí wọ́n bá nílé rẹ̀, kò gbà pé òun ló ṣe é. Atẹdùùrù lásán, tí kò kàwé bí àwọn ọ̀mọ̀wé! Ó ní ta ni ó ràn án lọ́wọ́? Merbecke ní kò sẹ́nì kan, kí wọ́n dán òun wò. Wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà M, ibi tí òun kò tíì dé, wọ́n ní kó ṣe é nínú àtìmọ́lé níbi tí kò ti sí ẹni tó máa kọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fi gbé ìwé kíkún fún wọn. Bí ẹ bá ń wá ọwọ́ Ọlọ́run nínú ìtàn yìí, èmi ò mọ ibi tó hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdáríjì ọba dé fún Merbecke nìkan. Ìmọ̀ orin rẹ̀ bá a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n kó àwọn mẹ́ta yòókù lọ sí abẹ́ òkè ààfin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ Filmer gbé ọtí inú ife wá fún un. Filmer mu, ó gbé e fún Pearson, Pearson gbé e fún Testwood, wọ́n fi ife kan ṣoṣo náà kí ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá iná.

Dókítà London kò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Kí ọdún náà tó parí, àṣírí tú pé ó fi irọ́ búra. Wọ́n gbé e gun ẹṣin, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ìrù ẹṣin, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lórí, wọ́n fi í yí ìlú Windsor ká níṣojú àwọn tí ó sọ di opó. Ẹ̀wọ̀n ló kú sí.

Merbecke padà sídìí dùùrù. Iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Henry Kẹjọ kú ní 1547, wọ́n sì sin ín sí abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ Jane Seymour. Ọmọ rẹ̀ Edward Kẹfà gorí oyè, ìsìn sì yí padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1549. Ìwé tí atẹdùùrù yìí tún bẹ̀rẹ̀ jáde ní gbangba ní 1550, òun fúnra rẹ̀ ló fi ta ọba lọ́rẹ. Lọ́dún yẹn kan náà ó tẹ ìwé orin fún àdúrà èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn kan fún sílébù kan, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ. Ohùn rẹ̀ ọ̀hún, àwọn ìjọ Áńgílíkà kárí ayé ṣì ń kọ ọ́.

Ère lọ, egungun John Schorn lọ, igi àgbélébùú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Wales pòórá, kò sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀. Tí ẹ bá gbójú sókè ní ìhà ìlà-oòrùn àjà ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ ó rí i nínú òkúta gbígbẹ́, Ọba Edward Kẹrin àti bíṣọ́ọ̀bù kan kúnlẹ̀ tì í. Mary gorí oyè ní 1553, Látìn padà. Elizabeth jẹ ní 1558, Gẹ̀ẹ́sì padà. Merbecke wà láàyè nínú gbogbo rẹ̀, nítorí nǹkan bí 1585 ló tó kú.

Ẹ̀yin rò pé ó tán? Ìwé Àdúrà Gẹ̀ẹ́sì tí ó borí Látìn, òun náà rí ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá Ọba Charles Kìíní jagun, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sì fòfin de Ìwé Àdúrà nítorí pé wọ́n ní ó jọ ti Póòpù jù. Ní ọjọ́ 30 oṣù January 1649 wọ́n bẹ́ orí ọba ní London ní ojúmọmọ. Wọ́n gbé òkú wá sí Windsor. Àwọn ìjòyè díẹ̀ tó kù fún un wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ibi tó máa dún bí òfìfo, títí wọ́n fi rí ibi tí Henry Kẹjọ wà. Ọjọ́ 9 oṣù February ni wọ́n gbé Charles jáde. Yìnyín ń já bọ́, aṣọ dúdú tó bo pósí di funfun kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Juxon, bíṣọ́ọ̀bù London, ṣí Ìwé Àdúrà rẹ̀ láti ka ètò ìsìnkú. Ọ̀gá sójà tó ń ṣọ́ ààfin ní rárá, òfin kò gbà. Bíṣọ́ọ̀bù pa ìwé rẹ̀ dé. Wọ́n sin olórí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú ṣọ́ọ̀ṣì ara rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ àdúrà kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ní 1813, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́lẹ̀ ṣèèṣì já sínú ihò náà. Ọmọ ọba tó ń ṣe adelé dúró níbẹ̀ nígbà tí dókítà Henry Halford tú aṣọ ojú òkú. Ó ní ojú òsì ṣí sílẹ̀, ó kún bíi ti alààyè, ìgbà tí atẹ́gùn kàn án báyìí ló pòórá. Irùngbọ̀n Charles ṣì wà lójú rẹ̀, àmì àáké sì wà lára egungun ọrùn. Dókítà mú egungun kan tó gé náà lọ sílé. 1888 ni wọ́n tó dá a padà, nínú àpótí kékeré tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò.

Ẹ wá jẹ́ n mú yín dé ilé tiwa. Ní 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lórí òkun ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, ó kàwé, ó gba ìrìbọmi, ó di àlùfáà ní London ní 1843. Ẹ mọ̀ ọ́n: Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1851 ó tún padà sí Ìlú Ọba. Àwọn ará Dahomey ti gbógun ti Abẹ́òkúta ní oṣù March, ó fẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó fẹ́ kí òwò ẹrú dópin ní Èkó.

Lóṣù November, kánọ́ọ̀nù kan ní Windsor, Lord Wriothesley Russell, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà Ṣọ́ọ̀ṣì George Mímọ́ yìí, mú un wọ ààfin lọ́wọ́ alẹ́ lọ rí Prince Albert, ọkọ ọbabìnrin. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Obìnrin kan wọlé wá, aṣọ ara rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó jókòó, ó ń tẹ́tí. Crowther ń bá àlàyé rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Prince Albert gbé ìwé máàpù ńlá wá kó tọ́ka sí Abẹ́òkúta àti Èkó; bó ṣe ṣí ìwé náà ni atẹ́gùn abala rẹ̀ pa àtùpà. Òkùnkùn ṣú, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni Crowther gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin náà, ló bá mọ̀ pé Ọbabìnrin Victoria ni òun ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ara rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó sì tún fara balẹ̀.

Lord Russell sọ pé Crowther ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn gbọ́ ọ. Crowther bá ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá, nínú ààfin Windsor. Ọbabìnrin ní èdè náà rọrùn létí, ó dùn bí orin.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọdún 308 ṣáájú alẹ́ yẹn, ní abẹ́ òkè ààfin yẹn kan náà, wọ́n sun aránṣọ, akọrin àti àlùfáà tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè ìyá wọn. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn wá dúró níbẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè ìyá tirẹ̀, wọ́n sì yìn ín. Àánú àwọn mẹ́ta yẹn máa ń ṣe mí nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀. N kò tíì gbọ́ ìyanu tó jù ú lọ.

N kò ní yọ èyí tó korò kúrò níbẹ̀ fún yín. Máàpù Èkó ló wà lórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí oṣù December tó parí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ tó ń jọba níbẹ̀, wọ́n dá Akítóyè tó jọba ṣáájú rẹ̀ padà sórí oyè. Ní 1861 wọ́n gba ìlú náà pátápátá. Ọdún kan ṣáájú Crowther ni ọmọbìnrin wa kan láti Òkè-Odàn, tí ọba Dahomey kó lẹ́rú, ti wọ ààfin Windsor, ẹni tí wọ́n sọ ní Sarah Forbes Bonetta. Wọ́n fi í ta ọbabìnrin lọ́rẹ bí ẹni fi aṣọ tọrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀. Ó padà fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó, ní 1862.

Crowther padà sílé, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ lọ ní ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, títí Bíbélì Yorùbá fi pé ní 1884.

Ẹni tó bá dé Ìlú Ọba nínú yín, tó bá lọ sí Windsor, kó wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà ìsìn. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá gbàdúrà. Kó wo òkúta dúdú tó wà láàárín ìjókòó àwọn akọrin, orúkọ Henry Kẹjọ àti Charles ló wà lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin yóò kọrin láti ibi tí Testwood ti ń kọrin. Bí wọ́n bá dé orí Àdúrà Olúwa, kó kà á sókè ní Yorùbá.